Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá tó kan ọpọlọ

Láti ọdún 1962 ni Dókítà Látúndé Òdékù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n egbò orí lè jinná, kí ìgbàgbé àti àárẹ̀ ṣì kù. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí níléèwé.

Ẹ má tètè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ fi bẹ ọ̀gá yín pé wákàtí díẹ̀ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé tọrọ àyè ìsinmi, kó má kàn pòórá. Ẹni tí kíláàsì bá ń ni lára lè wo NOUN, yunifásítì tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, tó ní ibùdó n'Ìbàdàn. Oníṣòwò Dùgbẹ̀ tó ń fi orí ṣírò owó tẹ́lẹ̀, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí àléébù náà bá pẹ́ lára, òfin tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 kà á léèwọ̀ láti tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ du èèyàn. Ó tún ní kí iléeṣẹ́ ìjọba, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, ní aláàbọ̀ ara márùn-ún, ó kéré tán, nínú 100 òṣìṣẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.