Ibà Làkúrègbé Lára Ọmọdé

Tí ọyẹ́ bá ti wọlé ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà dé Ìyàrà àti Ìsánlú, ọ̀fun dídùn kì í jìnnà sí ọmọ iléèwé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kòkòrò streptococcus bá fà, a kì í fojú kékeré wò ó. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn náà, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà lè yíjú sí ara ọmọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni ibà làkúrègbé. Ọmọ ọdún 5 sí 15 ló máa ń mú jù.

Àmì rẹ̀
• Ara gbígbóná.
• Oríkèé tó wú, tó ń ro ọmọ, tó sì ń ṣí kiri: orúnkún lónìí, ọrùn ẹsẹ̀ lọ́la, ìgúnpá lọ́tùn-ún-la. Ìyá a rò pé bọ́ọ̀lù tàbí omi pípọn ló fà á, a fi róòbù pa á.
• Àyà tó ń lù kìkì, èémí tí kò tó.
• Ọwọ́ àti ojú tó ń jà fúnra wọn. Ìkọ̀wé ọmọ a dédé bàjẹ́, ife a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe nà án, àìsàn ni.

Ewu rẹ̀
Oríkèé a máa san láìfi àpá sílẹ̀. Ọkàn ni àpá ń kù sí. Ìlẹ̀kùn 4 ló wà nínú ọkàn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Ibà yìí lè bà wọ́n jẹ́, bó bá sì tún padà wá, ìbàjẹ́ náà á pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin mìíràn kò ní mọ̀ títí yóò fi lóyún, tí mímí yóò wá di iṣẹ́ fún un.

Ìtọ́jú
Pẹnisílìn tí dókítà bá kọ, tí a bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 9 tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ń dènà ibà yìí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí oògùn náà bá ti yọ ọmọ yín lẹ́nu rí. Ọmọ tí ibà yìí ti ṣe rí yóò máa gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra, fún ọdún 5 ó kéré tán, tàbí títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì; yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti kan ọkàn. Bí ìlẹ̀kùn ọkàn bá bàjẹ́ jù, iṣẹ́ abẹ ló kù; ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí a ti ń ṣí ọkàn ní Nàìjíríà, ní Enugu, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi báírò yí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ yín ká lórí àlámànàkì yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹyọ kan fò, bí orúnkún kò tilẹ̀ dùn ún mọ́.