Ẹ ṣọ́ra o! Kì í ṣe gbogbo irin tí wọ́n jó pọ̀ ló lẹ̀ dénú

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá, tàbí irin tí wọ́n fi ń so tírélà mọ́ katakata, lọ sọ́dọ̀ jórinjórin, tí wọ́n sanwó, tí irin náà sì tún já kí oṣù tó parí. Àwọn kan á ní irin ayé ìsinsìnyí kò lágbára mọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló sábà máa ń fa wàhálà yìí: iná tí kò ṣe déédéé, àti irin tí wọn kò tọ́jú kí wọ́n tó jó o.

Bí iná bá kéré jù, ẹlẹ́kítíródù, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, á kàn yọ́ sórí irin bí àbẹ́là ni, kò ní wọnú rẹ̀. Lójú, ó ti lẹ̀. Ẹrù díẹ̀ ni yóò já a. Bí iná bá pọ̀ jù, á lu irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí kó mú un wọ́. Ọ̀pá mìlímítà 2.5 sábà máa ń fẹ́ iná ampere 60 sí 90. Ti mìlímítà 3.2 ń fẹ́ nǹkan bíi 90 sí 130. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.

Ìpẹtà, ọ̀dà àti gíríìsì ló ń fi ihò wẹ́wẹ́ sójú ibi tí wọ́n jó. Bí ọ̀rinrin bá wọ ọ̀pá tí wọ́n kọ 7018 sí lára, ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní hydrogen wọnú irin líle, irin náà sì lè sán lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1980, ilé àwọn òṣìṣẹ́ epo tó ń jẹ́ Alexander L. Kielland dojú dé nínú òkun Norway. Èèyàn 212 ló wà lórí rẹ̀. 123 ló kú. Ìwádìí fi hàn pé ojú ìjó kékeré kan, tí kò ju mìlímítà 6 lọ, ni irin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Nítorí náà, ẹ ní kí jórinjórin yín ha ìpẹtà kúrò, kó lo ọ̀pá gbígbẹ, kó má sì da omi sí irin gbígbóná kó lè tètè tutù. Ẹ̀yin náà, ẹ má ná an dé ibi tí yóò fi kánjú. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.