Ìpẹtà Ń Jẹ Owó Òróró Wa

 

Ọ̀rọ̀ òróró la fẹ́ sọ, torí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Alákàrà á gbé kẹ́ẹ̀gì padà wá bá olóróró, á ní, "Òróró tí ẹ tà fún mi kò dáa, ọjọ́ méjì péré ló ti dúdú." Olóróró náà á ní, "Ẹ̀yin lẹ dín in jù." Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ ká yẹ irin tí òróró náà wà nínú ẹ̀ wò.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí yìí náà ni í ba òróró jẹ́. Oòrùn àti iná á mú kó yá. Ṣùgbọ́n bí irin tàbí bàbà bá wà níbẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń lé e sáré. Bàbà tiẹ̀ burú ju irin lọ, idẹ náà sì ní bàbà nínú. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé irin náà kì í tán. Bó bá ti ba díẹ̀ jẹ́ tán, á tún bọ́ sórí òmíràn. Ó dà bí olófòófó tó ń dá ìjà sílẹ̀ káàkiri ọjà, tí òun fúnra ẹ̀ kì í jà.

Kékeré ẹ̀ náà sì ti tó. Codex Alimentarius, ìgbìmọ̀ òfin oúnjẹ tí FAO àti WHO dá sílẹ̀ l'ọ́dún 1963, ní nínú kílò kan òróró tí ilé iṣẹ́ ti fọ̀ mọ́, irin kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1.5 lọ, bàbà kò gbọdọ̀ ju 0.1 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọjà ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wúwo tó bíi kílò 23. Oògùn tó wà nínú Panadol ẹyọ kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Bí ẹ bá gé oògùn yẹn sọ́nà 14, ìdá kan ṣoṣo ni irin tí wọ́n gbà láàyè nínú odindi kẹ́ẹ̀gì! Ti bàbà, ẹ gé e sọ́nà tó lé ní 200, kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan. Èérún ìpẹtà tó bọ́ láti ẹnu dúrọ́ọ̀mù lè ju ìyẹn lọ.

Níbo ló ti ń wọlé? Àwọn ìyá wa àtijọ́ ń pa epo pupa mọ́ sínú ìkòkò amọ̀ àti agbè, irin kò kàn án. Àwa ń lo dúrọ́ọ̀mù àti garawa tó ti dípẹtà, àwọn mìíràn sì fi ẹnu ẹ̀rọ onídẹ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí iná, omi àti iyọ̀ inú àkàrà, òjòjò àti ẹja á máa jẹ agbada. Ẹja láti etí omi lọ́hùn-ún, tí a kò bá fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kúrò dáadáa, ẹ̀jẹ̀ náà ní irin nínú. Ilé ẹ̀rọ ńkọ́? Irin pẹlẹbẹ méjì tó ń fara gbo ara wọn yẹn ń jẹra. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà àti Gánà ti rí èérún irin nínú nǹkan tí a lọ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń fọ òróró mọ̀ nípa èyí. Wọ́n máa ń fi ásíìdì kan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀, kó lè di irin náà mú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún ọsàn sínú òróró gbígbóná o! Á ta síni lójú, kíkan ẹ̀ á sì tún jẹ agbada.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Ẹ má gba òróró nínú dúrọ́ọ̀mù tàbí garawa tó dípẹtà. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ rọ ọ́ kún, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé.

2. Ẹ yọ ẹnu ẹ̀rọ onídẹ kúrò. Ẹ má fi wáyà bàbà so ọwọ́ agbada tàbí asẹ́.

3. Agbada tó dípẹtà, ẹ ha á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sórí iná kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi òróró pa á lára. Èyí tó ti dúdú tó ń dán, ẹ má fi iyanrìn bó o lójoojúmọ́. Dúdú yẹn ló ń dáàbò bo òróró.

4. Ẹ má jẹ́ kí òróró sun inú agbada. Tó bá ti tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú nǹkan tí kì í ṣe irin.

5. Ẹ má wọ́n iyọ̀ sórí agbada.

6. Tí wọ́n bá pààrọ̀ irin ilé ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wà yín jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lọ̀.

Òróró tó ń hó tí ìfófòó ẹ̀ kì í lọ, tó tètè ń rú èéfín, tó ń ki, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbada, ó ti parí. Ẹ má bu tuntun lé e, torí ògbólógbòó náà á ba tuntun jẹ́. Fítámì A àti E inú ẹ̀ ti ń lọ, oníbàárà sì mọ adùn. Àwọn ọmọ yunifásítì Àgó-Ìwòyè tó ń ra dòdò lọ́wọ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa jẹ èyí tó ń rùn, wọn ò ní padà wá mọ́.

Nítorí náà, kí olóróró ṣí kẹ́ẹ̀gì, kí oníbàárà gbóòórùn ẹ̀ kó tó sanwó. Kí àwọn méjèèjì bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Tó bá di ọ̀rọ̀ lọ́la, ìgò ni a ó wò. Bí ti inú ìgò bá dáa, ẹ lọ yẹ agbada wò. Bí ti inú ìgò náà bá ń rùn, kí olóróró lọ yẹ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ wò.

Ọjà wa ò ní bàjẹ́. Owó wa ò ní jóná. Ajé á máa wá o.