Ìròyìn Ọkọ̀ Ìgbòkun: Èwo Ni Ká Gbà Gbọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lálẹ́ òní dá lórí ìròyìn àti ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ jáde nípa ọkọ̀ ìgbòkun, ìbáà jẹ́ nínú ìwé ìròyìn, ìbáà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kún bámúbámú báyìí. Wọn kò dọ́gba rárá. Òmíràn wà tí atukọ̀ lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́. Òmíràn sì wà tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò dìde lórí àga rẹ̀ rí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìdí tí mo fi mú un ni pé kò sí ibi tí ìròyìn ti ṣòro láti wádìí tó orí òkun. Bí ilé kan bá jó ní Ìbàdàn, aládùúgbò á rí i. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá dá nìkan wà lójú agbami, ta ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀? Ohun tí ó bá sọ ni a óò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn Donald Crowhurst ṣe àpẹẹrẹ, nítorí n kò mọ èyí tí ó tún yé ni jù ú lọ. Ní ọdún 1968, ìwé ìròyìn Sunday Times ti ìlú London gbé ìdíje kan kalẹ̀, pé kí ènìyàn dá nìkan fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká láìdúró ní ebúté kankan. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé yóò gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá yá jù lọ yóò gba 5,000 pọ́ùn. Àwọn mẹ́sàn-án ni ó gbéra. Crowhurst, tí òwò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lọ déédéé, wà nínú wọn. Ọjọ́ tí gbèdéke pé gan-an, ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ni ó kúrò ní Teignmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọkọ̀ tí wọn kò tíì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tán.

Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò lè la òkun ìhà gúúsù já. Ṣùgbọ́n ó ti fi ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún gbèsè. Bí ó bá padà, ó gbé. Bí ó bá tẹ̀síwájú, ó lè kú. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà ránṣẹ́ pé òun ti dé ibi tí òun kò dé. Ní oṣù kejìlá ó ní òun rin 243 máìlì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e jáde gàdàgbà. Gbólóhùn tí ó bá fi ránṣẹ́ láìṣe pàtó, ẹni tí ń bá a polongo orúkọ rẹ̀ nílé a fi iyọ̀ sí i, a fi ata sí i, kí ó tó fi lé àwọn oníròyìn lọ́wọ́. Francis Chichester, ẹni tí ó ti dá nìkan wa ọkọ̀ yí ayé ká ní 1966 sí 1967, ṣiyè méjì. Ṣùgbọ́n iyèméjì kì í tà bí ìròyìn ayọ̀. Àní Crowhurst kò kúrò nínú òkun Atlantic rárá!

Ẹ wá wo ohun tí irọ́ náà dá sílẹ̀. Robin Knox-Johnston ni ó kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, 1969. Nigel Tetley ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣí lójú oríkèé. Ìbá rọra máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ìròyìn ti kàn án pé Crowhurst ń lé e bọ̀, kò sì dẹwọ́ eré. Ní ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, ọkọ̀ Tetley rì nítòsí erékùṣù Azores, nígbà tí ó kù díẹ̀ ju 1,000 máìlì lọ kí ó délé. Wọ́n yọ ọ́ láàyè. Ní ọjọ́ 10, oṣù keje, ọkọ̀ Picardy tí ń kó lẹ́tà kan ọkọ̀ Crowhurst lójú omi, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ di àwátì. Knox-Johnston nìkan ni ó parí ìdíje náà, ó sì fi 5,000 pọ́ùn náà ta ìdílé Crowhurst lọ́rẹ.

Ta ni ó wá tú àṣírí náà síta lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́? Àwọn oníròyìn méjì láti inú Sunday Times kan náà ni, Nicholas Tomalin àti Ron Hall, tí ìwé wọn jáde ní 1970. Wọ́n jókòó ti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ náà, wọ́n fi ibi tí ó sọ pé òun wà wé ibi tí ó wà ní tòótọ́, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ kan náà ni ó gbé òfegè, tí ó tún gbé òótọ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi orúkọ iléeṣẹ́ nìkan díwọ̀n ìròyìn. Kí ó bèèrè pé, kí ni ẹni tí ó kọ ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí?

Irú irọ́ Crowhurst kò rọrùn mọ́ lónìí. Ní Vendée Globe, ìdíje àdáwà tí àwọn ará Faransé dá sílẹ̀ ní 1989, ẹ̀rọ sátẹ́láìtì wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọdé lè máa wo ibi tí wọ́n wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn mìíràn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ó ṣòro ju ti ìṣáájú láti dá mọ̀, nítorí pé kò sí òpùrọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ mú ọ̀ràn afẹ́fẹ́. Atukọ̀ ṣí ojú ìwé márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, márààrún fi àwọ̀ mèremère yàwòrán afẹ́fẹ́ ọ̀la, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò mọ̀ pé orí ìṣirò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ti lè bù ú, ìyẹn èyí tí àwọn elétò ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà ń tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tí wọ́n sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹlẹ́rìí márùn-ún kọ́ nìyẹn. Ẹnu ẹnì kan ni a gbọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá fẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, kí ó wo ìṣirò mìíràn, bí irú ti àjọ àwọn ará Yúróòpù tí olú-iléeṣẹ́ wọn wà ní Reading.

Bẹ́ẹ̀ náà ni jíjìn omi. Ẹnìkan á kọ ọ́ pé, "Mo dákọ̀ró níbí, omi jìn ní mítà mẹ́ta." Nígbà wo? Ní etí òkun Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tí ó fà kò ju nǹkan bí mítà kan. Ní Saint-Malo ní ilẹ̀ Faransé, ó lè ju mítà 12 lọ. Ẹni tí kò bá kọ aago àti ọjọ́ sí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ ni ó sábà máa ń sanwó ìpolówó fún ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ náà wò fún wa. N kò sọ pé òǹkọ̀wé ń purọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ka ohun tí kò sọ pẹ̀lú.

Kí àkókò tó lọ, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọkọ̀ Vestas Wind. Ní ọjọ́ 29, oṣù kọkànlá, 2014, nígbà tí ó ń díje láti Cape Town lọ sí Abu Dhabi, ó forí sọ àpáta abẹ́ omi ní Cargados Carajos, nínú òkun Índíà, ní òru. Àwọn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó yè. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń dájọ́ káàkiri: ta ló sùn, ta ni kò mọ iṣẹ́. Akọ̀ròyìn tí ó wà nínú ọkọ̀ ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ni. Oṣù kẹta 2015 ni ìdí rẹ̀ tó yé ayé, nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí Chris Oxenbould, ọ̀gágun ojú omi Australia tí ó ti fẹ̀yìn tì, ṣe alága fún, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò dá àwọn atukọ̀ láre, ó ní wọn kò lo máàpù orí kọ̀ǹpútà wọn bí ó ti yẹ. Ó sì fi kún un pé máàpù náà fúnra rẹ̀ ní àléébù: bí a bá fi í wo ibi tí ó gbòòrò, àpáta náà kì í hàn gedegbe, ó di ìgbà tí a bá mú un súnmọ́ ojú kí ewu tó yọ jáde. Gbogbo ọkọ̀ tí ó ń lo irú máàpù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n gbé Vestas Wind kúrò lórí àpáta, wọ́n tún un kàn, ó sì padà sínú ìdíje náà ní Lisbon ní oṣù kẹfà ọdún náà.