Bí Kókó Ńlá Bá Wà Nínú Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, bí dókítà bá sọ pé kókó jẹjẹrẹ ńlá wà nínú ẹ̀dọ̀ baálé yín, ọkàn yín yóò dàrú. Ẹbí yóò péjọ. Ọ̀kan á ní kí a ta ilẹ̀ kí a gbé e lọ sí Íńdíà, òmíràn á ní àgbo ni. Kí ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Ohun mẹ́ta ni dókítà yóò kọ́kọ́ wò: bí kókó náà ti tóbi tó àti iye rẹ̀, bóyá ó ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara mìíràn, àti bí ẹ̀dọ̀ tí ó kù ti lágbára tó. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú tí ó ṣe ẹnì kan lóore fi lè pa ẹlòmíràn lára.

Èkíní ni iṣẹ́ abẹ. Títóbi nìkan kọ́ ni ó ń dí i lọ́wọ́. Kókó tí ó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ pàápàá ṣeé gé nígbà mìíràn, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹ̀dọ̀ ìyókù sì dára, nítorí ẹ̀dọ̀ a máa dàgbà padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, tí omi sì ti kún ikùn, ewu rẹ̀ pọ̀. Kókó náà sì lè padà wá.

Èkejì ni pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà Milan, ní Ítálì, gbé jáde ní 1996 ni pé kókó kan kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí kí ó má ju mẹ́ta lọ, tí ìkankan wọn kò ju 3 lọ. Nítorí náà, kókó ńlá kì í sábà yẹ fún un. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó ta ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni dídí iṣan tí ó ń bọ́ kókó náà, lẹ́yìn tí a bá ti da oògùn sí ìdí rẹ̀. Ó ń fa ọjọ́ gùn, ṣùgbọ́n kì í sábà fà á tu, pàápàá bí kókó bá tóbi púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn tí ń gba inú gbogbo ara. Ìwádìí 2008 fi hàn pé sorafenib, tí a ń gbé mì, fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta kún ọjọ́ aláìsàn. Ní 2020, abẹ́rẹ́ méjì tí a pa pọ̀, atezolizumab àti bevacizumab, ta á yọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ìtọ́jú ìrora náà kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ó yẹ kí ó bá gbogbo àwọn yòókù rìn.

Ẹ̀yin ará Ìyànà Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Ọ̀kọ́kọ́máíkò, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Ìdí-Àràbà àti Ìkẹjà. Ẹ bi dókítà pé: kí ni ìtọ́jú yìí fẹ́ ṣe, àwòsàn ni tàbí àfikún ọjọ́? Èló ni gbogbo rẹ̀?

Ní ti àwa ìyá, àrùn mẹ́dọ̀wú irú B ni ó ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ yìí nílẹ̀ wa. Àjẹsára rẹ̀ wà fún àwọn ìkókó ní Nàìjíríà láti 2004: ẹ jẹ́ kí ọmọ gbà á láàárín wákàtí 24 tí a bí i, kí ó sì gba èyí tí ó kù pé. Ẹ̀yin àti baálé yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ bá ra ẹ̀pà tàbí àgbàdo lọ́jà Ìyànà Ìbà, ẹ ṣa èyí tí ó ti bu dànù. Májèlé rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á tán.