Kí Ló Dé Tí Ilé Ìtura Amsterdam Fi Há Tó Bẹ́ẹ̀?

Àtẹ̀gùn ni ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú ní Amsterdam fi ń kí àlejò káàbọ̀. Ó dúró ṣánṣán bí àkàbà. Pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kò gba àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà tán, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Bó bá di àtisọ̀kalẹ̀, ẹni tó gbọ́n a kọjú sí àtẹ̀gùn, a wá máa fẹ̀yìn sọ̀. Níbòmíràn, okùn nínípọn kan ni wọ́n ta mọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀ fún ìdìmú. Yàrá tí gbogbo wàhálà yìí já sí lè má gbà ju bẹ́ẹ̀dì, àga kan àti tábìlì kékeré lọ. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ onílé, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi mú àlejò yí ìlú ká, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́: owó-orí ni. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, bí iwájú ilé bá ṣe fẹ̀ tó ni owó tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, làwọn ará Amsterdam, tí wọ́n mọ owó ṣọ́, bá ń kọ́ ilé tóóró. Ìtàn náà dùn létí, ó sì rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Omi, igi àti ilẹ̀ tí wọ́n tà ní gbànjo ló ṣe ilé wọ̀nyí bí wọ́n ṣe rí, kì í ṣe agbowó-orí. Ilé ìtura kékeré tí àlejò ń ráhùn sí yìí sì ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lára rẹ̀ jù.

Ìtàn ìlú náà kò gùn ní kíkà: Antwerp bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ọba Spéènì ní 1585, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sá wá sí Amsterdam, iléeṣẹ́ VOC tó ń ná ọjà Éṣíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1602, ìlú tí èrò rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30,000 lọ sì ti lé ní 100,000 ní 1622. Ní 1613 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò mẹ́ta tó yí àárín ìlú ká, Herengracht, Keizersgracht àti Prinsengracht, àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2010.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ odò náà sí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹrẹ̀ ni láti òkè lọ. Yanrìn tó lè ru ilé wà ní nǹkan bí mítà 12 sísàlẹ̀. Kí ògiri tó dìde, wọ́n ní láti gbá òpó igi wọ inú ẹrẹ̀ títí yóò fi kan yanrìn. Ààfin ọba tó wà ní gbàgede Dam, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1648 gẹ́gẹ́ bí ilé ìjọba ìlú, iye òpó tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni 13,659. Òpó náà kì í jẹrà níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, nítorí láti Norway àti etí òkun Baltic ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó igi wá. Iná tó jó ìlú ní 1452 tún dá kún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fòfin de ògiri ẹ̀gbẹ́ onípákó, tí bíríkì di dandan. Bíríkì sì wúwo ju pákó lọ, kò ṣeé tò sórí ẹrẹ̀ bó ṣe wuni. Igi àjà náà ní ààlà tirẹ̀. Láti ògiri ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, nítorí náà bí igi bá ṣe gùn tó ni yàrá ṣe lè fẹ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ ilé tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ mọ ògiri mìíràn sáàárín, ògiri yẹn náà á sì béèrè òpó tirẹ̀ nísàlẹ̀. Fífẹ ilé síwájú ń náni. Títò ó sókè àti nína ẹ̀yìn rẹ̀ kò náni tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìlú wá gé ilẹ̀ etí odò tuntun sí pulọ́ọ̀tì, tí wọ́n sì lù ú ní gbànjo, ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì etí Herengracht kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà 8 tàbí 9 lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gùn lọ sẹ́yìn tó nǹkan bí mítà 50. Ní Jordaan, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbé, wọ́n há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Etí odò ni ọjà ń gbà wọlé. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ojú omi, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n fi há a fún wọn. Ní ti owó-orí, èyí tí ìjọba ń gbà lórí ilé lásìkò náà, iye tí ilé lè mú wá bí wọ́n bá fi háyà ni wọ́n ń wò: ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ ni ti ìjọba. Ẹni tó kọ́ ilé tóóró tó ga, tó sì gùn lọ sẹ́yìn, kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ agbowó-orí. Ìtàn owó-orí yìí kan náà ni wọ́n ń sọ nípa àwọn ilé tóóró Hanoi ní Vietnam. Ìtàn tó bá gbogbo ìlú mu báyìí, ó yẹ kéèyàn fura sí i.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí ilẹ̀ bá ni ọ̀gá, báwo ni àwọn ilé fífẹ̀ ṣe dé etí odò kan náà? Owó ni. Níbi tí Herengracht ti tẹ̀ kọrọ, tí wọ́n ń fi wúrà pe orúkọ rẹ̀, àwọn olówó ra pulọ́ọ̀tì méjì pọ̀, wọ́n san owó òpó ìlọ́po méjì, wọ́n sì kọ́ ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn. Kò ṣòro láti mọ ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti wá. Ilé olórí ìlú, ní Herengracht 502, Paulus Godin ló kọ́ ọ ní 1672. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá WIC ni, iléeṣẹ́ tó ń ra ẹrú ní etíkun wa, Allada ní ilẹ̀ Benin òde òní wà lára rẹ̀. Òkúta ìrántí kan wà níwájú ilé náà báyìí, Femke Halsema tí í ṣe olórí ìlú sì tọrọ àforíjì lórúkọ ìlú ní July 1, 2021. Ẹni tó bá ń yin ilé fífẹ̀ etí odò yẹ kó mọ ẹni tó sanwó fífẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ibi tí ìjà fífẹ̀ àti híhá ti dùn tó Kloveniersburgwal. Níbẹ̀, ní nọ́ḿbà 29, ni ilé ńlá tí Justus Vingboons yàwòrán rẹ̀ fún Louis àti Hendrick Trip wà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò oníṣòwò irin àti ìbọn ni wọ́n; ihò èéfín orí òrùlé wọn pàápàá, bí ẹnu ìbọn àgbá ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kọ́ ọ láàárín 1660 sí 1662, ó sì fẹ̀ tó mítà 22. Ní òdìkejì odò, ní nọ́ḿbà 26, ilé kan kọjú sí i tí kò fẹ̀ ju mítà 2.44 lọ. Wọ́n ní awakẹ̀kẹ́ ẹṣin àwọn Trip ló dúró lọ́jọ́ kan tó ń wo ààfin ọ̀gá rẹ̀, ló bá mí kanlẹ̀, ó ní bí òun bá lè ní ilé tó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà ọ̀gá òun péré, ó ti tó òun. Ọ̀gá ń gbọ́ lẹ́yìn. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó pàṣẹ kí wọ́n kó òkúta tó ṣẹ́ kù kọjá odò, kí wọ́n fi kọ́ ilé fún un, kó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà òun gan-an, kó má lé, kó má dín. Bí ẹnìkan bá ṣe ń rò ó ni ẹlòmíràn ń yí i padà: àwọn kan ní ìránṣẹ́ inú ilé ni, kì í ṣe awakẹ̀kẹ́, àwọn kan ní ọ̀gá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àwọn kan ní àánú ló ṣe é. Gbogbo wọn ló gbà pé òkúta kan náà ni, wọ́n sì ń na ìka sí iwájú ilé méjèèjì tó jọra gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ọdún ló ba ìtàn náà jẹ́. 1696 ni wọ́n kọ́ ilé kékeré náà. Hendrick ti kú láti 1666, Louis náà sì ti kú ní 1684. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ awakẹ̀kẹ́ yìí gbọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé òkúta dúró nílẹ̀ fún ọdún 34, láàárín ìlú tí kò sí ibi tí èèyàn lè kó òkúta sí láìgba ojú ọ̀nà ẹlòmíràn, kí òkú tó wá fi san ìlérí. Ṣé àwọn àrólé ló kọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ bàbá wọn má bàa wọlẹ̀? Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà yẹn kò sí awakẹ̀kẹ́ tó ń mí kanlẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ọgbọ́n mu ni pé àlàfo tóóró kan ṣẹ́ kù láàárín ilé méjì, ẹnìkan sì rí i pé mítà 2.44 létí odò sàn ju mítà 10 lọ níbi tí ọkọ̀ kò dé. Ìtàn awakẹ̀kẹ́ àti ìtàn owó-orí, ọmọ ìyá ni wọ́n: méjèèjì ń wá ọ̀gá kan tàbí ìjọba kan tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò tó.

Ilẹ̀ tí kò tó yìí náà ló bí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn tó rọra dagun ń jẹ yàrá; èyí tó dúró ṣánṣán ń fi àyè sílẹ̀. Àwọn onílé àtijọ́ kò fi ọ̀rọ̀ ẹrù ro ó rárá, nítorí ẹrù kì í gba inú ilé kọjá. Ẹni tó bá gbójú sókè á rí igi kan tó yọ síta lókè fèrèsé àjà tó ga jù, tí ìkọ́ irin so mọ́. Okùn ni wọ́n ń fi kọ́ ọ, kí wọ́n tó fa ẹrù ọjà láti inú ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè àjà tí wọ́n ń kẹ́rù sí. Èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé fi fi orí tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹrù má bàa máa gbá fèrèsé bó ṣe ń lọ sókè. Títí di òní, ojú fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ń gbà wọlé. Àlejò ilé ìtura nìkan ni wọ́n ní kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

Báwo wá ni ilé oníṣòwò ṣe di ilé àlejò? Gbígba àlejò sùn kì í ṣe iṣẹ́ tuntun níbẹ̀. Láyé VOC, àwọn obìnrin onílé ń gba atukọ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ sílé, wọ́n ń bọ́ ọ títí ọkọ̀ yóò fi lọ, wọ́n sì ń gba ìwé gbèsè tó lè tó gílídà 150 lé owó iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí owó oṣù atukọ̀ kò ju nǹkan bí gílídà 10 lọ. Bí atukọ̀ bá kú lójú òkun, owó onílé wọmi. Ṣùgbọ́n àwọn ilé etí odò tí a ń sọ yìí, ìgbà tí àwọn olówó kó kúrò níbẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé tuntun ń jáde nítòsí ọgbà Vondelpark tí wọ́n ṣí ní 1865, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé ẹni tó fẹ́ afẹ́fẹ́ ìgbèríko lọ sí Hilversum láti 1874. Báǹkì àti ọ́fíìsì wọ inú àwọn ilé fífẹ̀. Àwọn tóóró bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń fi yàrá háyà. Ilé ìdáná àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ di ibi oúnjẹ àárọ̀, níbi tí àlejò ti ń bu ègé ṣokoléètì wínníwínní lé búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa bí àwọn ará ìlú ṣe ń ṣe. Òkè àjà tí ẹrù ọjà ń gbé rí di yàrá tó pọ́ọ́kú jù.

Ìṣòro ẹ̀yìn ìgbà náà ni pé àwọn tó lówó padà wá. Láti 1970 tí òtẹ́ẹ̀lì Pulitzer ti ṣí, tí wọ́n so àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ra pọ̀ títí ó fi di ilé 25, ọ̀nà ti là fún ẹni tó fẹ́ fi ojú ilé àtijọ́ ta yàrá fífẹ̀. Wọ́n tọ́jú iwájú ilé, òfin ìdáàbòbò ilé àtijọ́ ti 1961 sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ bí a bá lu ògiri kan tó ya ilé méjì sọ́tọ̀, ìwọ̀n tí igi àti òpó fi lélẹ̀ ti sọnù, ojú lásán ló kù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ẹnìkan lè ní ẹni tí orúnkún ń dùn kì í jẹ ìtàn, lífìtì ló ń fẹ́. Òdodo ni. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi sọ pé àtẹ̀gùn yìí dára fún àgbàlagbà, aboyún tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, ó sì yẹ kí onílé sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó sanwó. Ṣùgbọ́n lífìtì nínú ilé tó há báyìí á gba yàrá kan lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Ilé tó ní yàrá mẹ́wàá kò lè ṣe é kó ṣì máa tà ní pọ́ọ́kú. Èyí tí a lè ṣe ni kí ìlú ní irú ilé ìtura méjèèjì, kí ọ̀kan má gbé èkejì mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kọni lóminú nìyẹn. Àlejò ti sú ìlú. Láti 2024, owó-orí àlejò jẹ́ ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá, òtẹ́ẹ̀lì tuntun kò sì lè dìde àfi tí ọ̀kan bá kógbá sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ìjọba Nẹ́dálándì sún owó-orí ọjà lórí yàrá láti 9 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò ṣòro láti rí ibi tó máa já sí. Ìwé àṣẹ tí kò sí tuntun mọ́ ń di wúrà, ẹni tó ní ilé tóóró kan á sì tètè rí ẹni tó fẹ́ rà á kó fi kún tirẹ̀. Bí ìlú bá fẹ́ dín àlejò kù lóòótọ́, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lu ògiri kí yàrá lè fẹ̀, kó fi àwọn tó ń ta yàrá bí ilé ṣe fún wọn sílẹ̀.