ỌTÍ ÀSANSÍLẸ̀ ÀTI IPÒ AGBỌ́TÍ: ÀPẸẸRẸ LÁTI ÒKÈ-ÒGÙN

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nínú ẹ̀kọ́ àṣà Yorùbá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọtí ní ipò tirẹ̀ nínú ìdáná, nínú ìsìnkú, nínú ìbọ òrìṣà àti nínú ìpàdé àgbà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ètò tí ó wà nídìí mímu rẹ̀: ta ni ń san owó rẹ̀, ìgbà wo ni ó ń san án, ta ni ń bù ú fún ẹni tí yóò mu ún, ta sì ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ó tó?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì lóde òní nítorí ètò kan tí ó gbilẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Nínú ètò náà, èrò ọkọ̀ yóò san iye kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò máa mu ohun tí ó bá wù ú láìtún fi ọwọ́ kan àpò. Èyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ọtí àsansílẹ̀. Ó lè jọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun jìnnà sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ìró ìgbì. Ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kí a sanwó lẹ́ẹ̀kan kí a sì mu títí, kì í ṣe àjèjì ní Òkè-Ògùn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí ètò méjèèjì ti yàtọ̀ jù kì í ṣe ibi owó. Ibi agbọ́tí ni.

Ó yẹ kí a tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ náà, agbọ́tí, ti pẹ́ nínú èdè Yorùbá. Òun ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò fún ìránṣẹ́ Fáráò tí ó bá Jósẹ́fù ṣẹ̀wọ̀n, òun náà ni wọ́n sì lò fún Nehemáyà. Iṣẹ́ agbọ́tí ju kí ènìyàn gbé ife lọ gbé ife bọ̀ lọ; ẹni tí a fọkàn tán ni a ń fi ṣe é.

2.0 Òkè-Ògùn àti ohun mímu rẹ̀

Òkè-Ògùn ni apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Ọ̀pẹ kò pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ nínú igbó Ìjẹ̀bú tàbí ti Oǹdó. Ọkà bàbà, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni ilẹ̀ náà gbà jù. Nítorí èyí, ẹmu nìkan kọ́ ni ohun mímu ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ọtí tí wọ́n ń fi ọkà pọn wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹmu kò ṣe é tọ́jú. Èyí tí ó dùn ní òwúrọ̀ yóò ti le ní ìrọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó ti kan. Nítorí náà ẹni tí ó bá dá ẹmu gbọ́dọ̀ rí ẹni mu ún lọ́jọ́ náà gan-an. Ọtí ọkà bàbà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí bùrùkùtù, ní tirẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Wọn a rẹ ọkà sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó hù, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a sè é, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan kí wọ́n tó tún un sè kí wọ́n sì jẹ́ kí ó di ọtí. Iṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan ni, àwọn obìnrin ni ó sì sábà máa ń ṣe é. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Ìbàrìbá aládùúgbò Ṣakí wà, irú ọtí yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní tchoukoutou.

Lẹ́yìn èyí ni bíà dé. Ní ọdún 1949 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries kọ́kọ́ rọ Star sínú ìgò ní Èkó. Ní ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Guinness bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Bálì tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ni wọ́n fi ń ṣe bíà nígbà náà. Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó bálì náà wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ bíà sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Báyìí ni ọkà tí ìyá ọlọ́tí ti ń rẹ sínú ìkòkò láti ayébáyé ṣe di ohun tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ń wá kiri. Ọkà kan náà ni. Ètò tí ó yí i ká ni ó yàtọ̀.

3.0 Ọ̀nà mẹ́rin tí owó ọtí ń gbà wọlé

3.1 Ọtí ìsọ̀. Èyí ni ti ìdí ẹlẹ́mu tàbí ilé ọlọ́tí. Iye tí ènìyàn bá mu ni yóò san, ìbáà jẹ́ ife kan tàbí kèrègbè kan. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́, àwìn lè wà, ṣùgbọ́n àwìn dúró lórí ojú tí ọlọ́tí fi mọ oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mu àmujù kò ní pẹ́ rí i pé àwìn òun ti tán.

3.2 Ọtí àjọdá. Àwọn ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ yóò dá owó jọ, wọn yóò ra odidi kèrègbè tàbí páálí bíà, wọn yóò sì mu ún pọ̀. Iye owó dọ́gba, ṣùgbọ́n ikùn kò dọ́gba. Nítorí èyí ni ó fi gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò máa bù ú.

3.3 Ọtí ọ̀wẹ̀. Bí ẹnì kan bá bẹ àwọn ènìyàn ní ọ̀wẹ̀ láti kọ́lé tàbí láti kọ ebè, oúnjẹ àti ohun mímu ọjọ́ náà di ti ọlọ́wẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mú owó jáde, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mu ún lọ́fẹ̀ẹ́. Òógùn ojú ni wọ́n fi san án.

3.4 Ọtí ìnáwó. Èyí ni ó sún mọ́ ọtí àsansílẹ̀ jù. Níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà tàbí ìwúyè, olùnáwó ni ó ń ra ọtí, àlejò sì ń mu ún láìsanwó. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, àlejò ti sanwó kí ó tó jókòó. Ó ti ra aṣọ ẹbí, èyí tí ó lè jẹ́ òfì tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn. Ó ti fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí olùnáwó yìí náà yóò jókòó sí àgbàlá tòun. Gbèsè ni, àmọ́ gbèsè tí ó ń so ènìyàn pọ̀ ni.

4.0 Iṣẹ́ agbọ́tí àti àṣẹ rẹ̀

Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn, owó kì í ṣe òdiwọ̀n mọ́, nítorí pé a ti san án tàbí a ti fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀. Kí wá ni òdiwọ̀n? Agbọ́tí ni. Ẹni tí ó kéré jù láàrin àwọn tí ó jókòó ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Òun ni yóò ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ, a sì máa tọ́ ọ wò kí ọkàn àwọn yòókù lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bù ú fún àgbà, kí ó tó kan ọ̀dọ́. Ife tàbí ahá kan náà ni ó sábà máa ń yí ká, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè mu ju bí ó ti kàn án lọ. Bí ojú ẹnì kan bá ti ń pọ́n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wọ́, agbọ́tí yóò dín tirẹ̀ kù tàbí kí ó fò ó dá, àgbà kan yóò sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ọmọdé ni agbọ́tí, ṣùgbọ́n àṣẹ gbogbo ìjókòó ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn Ògún ní Ìrè fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. Ògún dé bá àwọn ènìyàn níbi ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti sọ̀rọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí kèrègbè ẹmu ní ìnàró, ó gbé e, òfìfo ni. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, inú sì bí i débi pé ó fi idà pa wọ́n. Ìtàn náà ju ti òùngbẹ lọ. Ní ìjókòó tí ọtí wà, tí kò sí ẹni tí yóò kí àlejò, tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọtí ti tán, ètò ti bàjẹ́ kí idà tó jáde.

Àpẹẹrẹ kejì wà nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuọlá gbé jáde ní ọdún 1952, èyí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1963. Baba ọ̀mùtí náà fún un ní oko ọ̀pẹ àti adẹ́mu kan tí ń dá kèrègbè 150 ní òwúrọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́. Baba ti san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn ń mu ni. Nígbà tí adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, àwọn ọ̀rẹ́ túká. Ó hàn gbangba pé ọ̀mùtí yìí ní adẹ́mu, ó ní ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní agbọ́tí, ìyẹn ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó.

5.0 Ọtí àsansílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi

Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe àjèjì sí àwọn ọmọ Yorùbá. Aureol, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster, ń kó èrò láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Èkó láti ọdún 1951 títí di ọdún 1974, kí ọkọ̀ òfuurufú tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti Aureol, ibi tí èrò ń lọ ni ó jẹ ẹ́ lógún. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní, inú ọkọ̀ gan-an ni ibi tí èrò ń lọ, ilé ọtí sì wà lára ohun tí ń mú owó wọlé fún un.

Ètò tí ilé iṣẹ́ Carnival ń pè ní Cheers lè ṣe àpẹẹrẹ. Èrò yóò san owó gbogbo ọjọ́ ìrìn-àjò, owó ìmoore àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì wà lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọtí rẹ̀ tọrẹ fún ẹlòmíràn. Kò gbọdọ̀ mu ju ọtí líle 15 lọ láàrin wákàtí 24. Káàdì ni a fi ń ka iye tí ó mu. Agbọ́tí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì lè kọ̀ láti bù fún ẹni tí ó ti yó. Ṣùgbọ́n kò mọ baba ẹni tí ó ń bù ú fún, ọ̀la sì lè gbé e lọ sí ọkọ̀ mìíràn.

Bí ètò náà ṣe ń mú èrè wá kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó mu díẹ̀ ti san ju ohun tí ó mu lọ, òun ni ó sì ń bo àṣírí ẹni tí ó mu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sanwó kì í fẹ́ kí owó òun ṣòfò. Yóò máa wá bí yóò ti mu owó rẹ̀ tán. Ní ìdí ẹlẹ́mu, ife tí ó kàn ń ná ènìyàn lówó, nítorí náà a máa rò ó wò. Nínú ọkọ̀, ife tí a kò mu ni ó dà bí àdánù.

Ibi pàtàkì tí ètò méjèèjì ti takora nìyí. Òfin ọkọ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹnìkejì nínú tirẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, ẹni tí ó bá dá ọtí rẹ̀ mu láàrin ẹgbẹ́ ni ó ṣẹ̀.

6.0 Ẹni tí kì í mu ọtí

Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí, ọ̀pọ̀ ìjọ Krístì pẹ̀lú sì kọ ọtí fún ọmọ ìjọ wọn. Báwo ni a ṣe ń ṣe ti ẹni tí kì í mu? Níbi ìnáwó, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń gbé fún un. Orúkọ náà yẹ ní àkíyèsí: ohun tí kì í pa ènìyàn gba orúkọ ọtí kí ẹni tí ń mu ún má baà yọ sọ́tọ̀ nínú ìjókòó. Nínú ọtí àjọdá, ẹni tí kì í mu lè yọ owó tirẹ̀, bí ó bá sì dá a, oúnjẹ ni yóò fi gba tirẹ̀. Òfin Cheers ní tirẹ̀ ni pé bí àgbàlagbà kan bá ra ètò náà, gbogbo àgbàlagbà tí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò rà á, kí wọ́n má baà máa pín in mu. Ìfura ni ó bí òfin kejì. Ìtìjú àti ìbọ̀wọ̀ ni ó ń ṣọ́ èkíní.

7.0 Ọtí tí kò ní agbọ́tí

Kò yẹ kí a rò pé ọkọ̀ òkun ni ewu wà. Ní ibùdókọ̀ àti ní ẹ̀bá ọ̀nà Òkè-Ògùn, bí ti gbogbo Nàìjíríà, ọtí líle inú ọ̀rá ti di ohun tí awakọ̀ àti ọlọ́kadà lè rà ní owó kékeré, kí ó fi eyín ya á, kí ó sì gbé e mì ní ìdúró. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin tí ó de ṣíṣe ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké. Àwọn ilé iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ wọn fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì sún un síwájú di ìparí ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ni àríyànjiyàn náà dá lé jù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ̀kọ́ àṣà fi kún un: ọ̀rá ni ohun mímu àkọ́kọ́ tí ó mú agbọ́tí kúrò pátápátá. Kò sí ẹni tí ń bù ú, kò sí ẹni tí ń tọ́ ọ wò, kò sí àgbà tí yóò sọ pé kí a fo ẹnì kan dá.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé sísan owó ọtí sílẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, àti pé ọ̀wẹ̀ àti ìnáwó ní Òkè-Ògùn jẹ́ irú rẹ̀. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé nígbàkígbà tí owó bá ti kúrò gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n, ó pọn dandan kí ènìyàn rọ́pò rẹ̀. Carnival fi káàdì àti oókà 15 rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbà fi ọmọdé kan àti ahá kan rọ́pò rẹ̀. Ọtí inú ọ̀rá kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, wọn kò sì fi ìṣọ́ àṣejù sílẹ̀ fún ọ̀mùtí nìkan.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń pọn ọtí ọkà, orúkọ ìkòkò àti igbá wọn, àti òfin ìjókòó wọn yẹ ní kíkọ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Bí ìjọba bá sì tún fẹ́ ṣòfin lórí ọtí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ìdí ẹlẹ́mu ti dáhùn tipẹ́: ta ni yóò sọ pé ó tó?